Àlàyé Ọ̀nà fún Fẹ́hìntọlá

Fẹ́hìntọlá, má gbọ́kàn lé àwòrán ọ̀nà inú fóònù rẹ.
Ó mọ orúkọ títì, kò mọ ìlú.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà ní Àkúrẹ́,
nọ́ńbà ilé tí mo gbẹ́kẹ̀ lé kò pé mẹ́wàá.
"Níwájú ibi tí igi odán wà kí wọ́n tó gé e":
àdírẹ́sì gidi nìyẹn.

Bí ọkọ̀ bá já ọ sílẹ̀ ní gáréèjì Iléṣà, má sáré.
Ẹni tó bá ń sáré ni wọ́n ń já ẹrù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ra omi kan, mu ún, máa wò yí ká
bí ẹni tó ń retí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọlọ́pàá.
Lẹ́yìn náà ni kí o bọ́ sétí títì.
Takisí kò ní dúró tán, yóò kàn rọra ni;
pariwo ibi tí ò ń lọ sí i létí: "Òkè Àró!"
Bó bá fọn fèrè, wọlé.
Bí kò bá fọn ún, ó ti lọ nìyẹn, má bínú.
Èèyàn mẹ́ta á ti wà lẹ́yìn, ìwọ ni ìkẹrin,
orúnkún rẹ á di ti gbogbo yín.
Mú owó wẹ́wẹ́ dání. Awakọ̀ tó ní òun ò ní ṣéńjì,
ó ní in. Abẹ́ itan rẹ̀ ló wà.

Kí wọn kí o tó jókòó. Kí wọn kí o tó béèrè nǹkan.
Ìwọ tí wọ́n bí sí Kàdúná, bóyá bíbọwọ́ ti tó lọ́hùn-ún;
níhìn-ín, orúnkún rẹ ni káàdì ìdánimọ̀.
Bí àgbà bá sì pe ilé ní "ulé", má rẹ́rìn-ín,
má tún un ṣe fún un.
Bí ìyá tó bí i ṣe pè é nìyẹn.

Wọ́n á gbé ìyán wá. Má sọ pé o ti jẹun lọ́nà.
Mo tún un sọ: má sọ pé o ti jẹun lọ́nà.

Bí ẹsẹ̀ bá ń yún ọ, lọ sí Ìdànrè, ṣùgbọ́n lọ láàárọ̀,
kí oòrùn tó ṣáájú rẹ gun àpáta.
Wọ́n ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta;
mo kà á dé igba ó lé mẹ́rin,
èémí já ìṣirò gbà lọ́wọ́ mi.
Lójú ọ̀nà, òórùn kan á wọ inú ọkọ̀, kíkan bí ọtí àná.
Kókó ni, tí wọ́n sá sẹ́bàá títì.
Bàbá rẹ fẹ́ràn òórùn yẹn.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ po.

Ilé ìyá-àgbà rẹ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ aláwọ̀ búlúù.
Gbogbo lẹ́tà tí bàbá rẹ kọ sí i, èmi ni mo gbé e débẹ̀:
mẹ́tàdínlógún, láàárín ọdún méjìlá.
Lẹ́yìn náà, kò sí mọ́.
Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
tó ń dẹtí sí agogo kẹ̀kẹ́ mi.
Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àdúgbò mìíràn.

Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì báyìí.
Bó bá gbúròó ẹsẹ̀ rẹ, orúkọ bàbá rẹ ni yóò pè.
Dáhùn.
Kúnlẹ̀ ná, kí o dáhùn; àlàyé lè dúró dọ̀la.
Bó bá béèrè ẹni tó júwe ọ̀nà fún ọ,
sọ pé Dágúnró apínlẹ́tà ni,
sọ pé ó ní ìkejìdínlógún ló dé yìí.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: ra búrẹ́dì lọ́wọ́.
Kì í ṣe èyí tó dùn jù. Inú tíì ló máa ń rì í bọ̀.